Ìgbà Wo Lẹ Gbà Mí Síṣẹ́?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan kò jẹ́ kí ọkàn mi lélẹ̀. Èmi kọ́ ni mo béèrè rẹ̀, èmi kọ́ ni wọ́n sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ojú mi ló ṣe ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa ní Àkúrẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ló bi ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì, ọmọ náà kò sì rí èsì fún un. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń tẹ nọ́ńbà sí mítà, bí ohùn ẹ̀rọ bá ń sọ fún mi lórí fóònù pé kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì, bí báńkì bá ní kí n lọ tún orúkọ ara mi ṣe kí wọ́n tó lè jẹ́ kí n fọwọ́ kan owó ara mi, ìbéèrè Bàbá ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀tá ẹ̀rọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, lẹ́bàá yunifásítì FUTA. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la ń tẹ̀, fọ́ọ̀mù la ń bá èèyàn kún. Nígbà tí wọ́n gbé mítà alásansílẹ̀ dé àdúgbò wa, mo wà lára àwọn tó yọ̀ jù. Ẹni tó bá ti gba bíìlì àfojúdá rí mọ ìdí rẹ̀. Ẹ lè rin ìrìn-àjò fún oṣù kan gbáko, kí ẹ ti ilé pa, ìwé owó iná á ṣì dé bí ẹni pé fìríìsà mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní orílẹ̀-èdè yìí, fi gbèdéke sí bíìlì bẹ́ẹ̀ ní 2020. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná kò bìkítà, débi pé ní oṣù Kejì 2024, àjọ náà bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé mọ́kànlá nínú wọn lórí. Mítà dára. Ohun tí wọ́n tì sí abẹ́ mítà ni kò dára.

Ìṣẹ́jú tó kún

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá 2024. Ẹ rántí pé wọ́n ní kí gbogbo wa tún mítà wa ṣe kí ó tó di ọjọ́ 24 oṣù náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tókìn kò ní wọlé mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọgbọ́n àtigbowó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ló fà á, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀, nítorí n kò rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lédè wa nígbà náà.

Ogún nọ́ńbà tí a ń pè ní tókìn yẹn, kì í ṣe iye iná tí ẹ rà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àkókò tí wọ́n ṣe é náà wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi àṣírí bò ó ni. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka àkókò náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1993. Mítà gbọ́dọ̀ mọ tókìn tó ti gbà rí, kí ẹnì kan má baà ra tókìn lẹ́ẹ̀kan kó máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Àmọ́ àyè tí àwọn tó ṣe ètò náà fi sílẹ̀ fún kíka ìṣẹ́jú kò gbà ju 16,777,216 lọ. Ìṣẹ́jú 1,440 ló wà nínú ọjọ́ kan. Ẹ pín in wò, yóò fún yín ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ó dín díẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 2024 ni àyè náà kún. Láti ìgbà náà kíkà ní láti padà sí òdo, mítà tí a kò bá sì tún ṣe yóò máa wo tókìn tuntun bí èyí tó ti pẹ́. Kárí ayé ni, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń lo irú mítà yìí, bẹ̀rẹ̀ láti Gúúsù Áfíríkà tí ọgbọ́n náà ti ṣẹ̀ wá. Oògùn rẹ̀ ni tókìn méjì àkànṣe tó ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ inú mítà. Ẹ ó kọ́kọ́ tẹ ìkíní, ẹ ó tẹ ìkejì, kí ẹ tó wá tẹ tókìn tí owó yín wà nínú rẹ̀. Ọgọ́ta nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yẹn ni ẹ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n. Kíkà tuntun náà bẹ̀rẹ̀ láti 2014, yóò sì tún kún ní 2045.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ṣe ètò yìí mọ ọjọ́ tí yóò kún láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ó pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ iná tó ń lò ó ti ní àǹfààní láti múra sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé ọ̀dọ̀ tèmi, àtẹ̀jíṣẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo rí lórí fóònù, láàárín ìkéde tẹ́tẹ́ àti ti kírẹ́díìtì.

Àwọn mítà kan sì wà tó ti gbó jù, tí kò lè gba kọ́kọ́rọ́ tuntun rárá. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ dé ibi pé wọ́n fẹ́ kí àwọn oníbàárà fi owó ara wọn ra òmíràn, kí àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà tó dá sí i pé ẹrù ilé iṣẹ́ ni. Orí yéye ní mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Ta ló ṣẹ̀ nínú ẹni tó ra mítà tí wọ́n ní kó rà, tí wọ́n wá ń sọ fún un pé mítà náà ti kú?

Lẹ́yìn gíláàsì

Bàbá tí mò ń sọ yìí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Alágbàkà, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, nínú fáìlì àti mẹ́mò. Ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Àbújá fún iṣẹ́ abẹ ojú, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju ọdún kan lọ. Gbogbo ariwo tókìn yẹn kò bá a nílé. Nígbà tó dé, ó ra iná ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́wọ́ ọmọ POS tó wà ní ìta wa. Mítà kọ̀ ọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, mítà tún kọ̀ ọ́. Ó lo àtùpà fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ló ní kí n jọ̀ọ́ kí n sin òun dé ọ́fíìsì wọn, nítorí ojú rẹ̀ kò tíì dá ṣáká.

Èrò pọ̀ nínú ọ́fíìsì náà. Fáànù kò yí. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, ariwo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ẹni tó wà níwájú wa ń sọ. Mo wo ojú àwọn tó jókòó, bóyá ẹnì kan máa rẹ́rìn-ín sí i pé jẹnẹrétọ̀ ni ilé iṣẹ́ iná ń lò. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ wa lára.

Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin náà gba nọ́ńbà mítà, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó wò ó díẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. "Dádì, tókìn yín dáa. Mítà yín náà ò ní wàhálà kankan níbí. Ẹ̀yin lẹ ò tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún sí etí aṣọ, ó tún fi í sójú. "Ọmọ mi, ìgbà wo lẹ gbà mí síṣẹ́?"

Ọmọ náà kò gbọ́ ọ dáadáa. "Ẹ má bínú sà, ọ́fíìsì yìí kọ́ ni wọ́n ti ń gba èèyàn."

"Mo mọ̀. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, ìgbà wo ni ilé iṣẹ́ yín gbà mí láti máa tún mítà ṣe? Nítorí mi ò rí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, mi ò rí owó oṣù, ẹnì kankan ò sì kọ́ mi. Àmọ́ mo rí i pé ẹ ti ń bá mi wí pé mi ò mọ iṣẹ́ náà ṣe."

Ẹ̀rín bú sẹ́nu àwọn èèyàn. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Bàbá, ẹ ti di sítáàfù o! Ẹ ní kí wọ́n san gbèsè oṣù yín." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó fi ọwọ́ lé pákó tó wà níwájú gíláàsì, ó ń dúró de èsì bí ẹni tó ń dúró de ṣéńjì owó rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rín fi rọlẹ̀, tí ó ṣì dúró bẹ́ẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé Bàbá kò dápàárá.

Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ sí ìwé kan tó wà lára ògiri. "Nọ́ńbà WhatsApp wa nìyẹn sà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sí i, wọ́n máa dá yín lóhùn."

"Àwọn ta?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹ̀rọ ni sà."

N kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Gbogbo ohun tó ní kò ju àga, ojú kọ̀ǹpútà kan, àti ìlà gígùn tí kò lópin. Kò lè kúrò lórí àga yẹn wá wo mítà ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi gíláàsì dí òun náà mọ́lé bí wọ́n ṣe fi dí wa mọ́ta.

Ọmọ abẹ́ agboòrùn

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gba ìwé tókìn náà lọ́wọ́ Bàbá. Ìwé tí wọ́n ya láti inú ìwé iṣẹ́ ọmọ iléèwé ni, nítorí bébà inú ẹ̀rọ POS ti tán lọ́jọ́ tó rà á. Bíró pupa ni ọmọ náà fi kọ nọ́ńbà, mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀nà márùn-ún. Ogún péré. Mo mú ìwé náà tọ ọmọ náà lọ lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, mo ní kó bá mi wo inú fóònù rẹ̀. Tókìn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì.

"Brọ̀dá, méjì àkọ́kọ́ yẹn ò ní yúnìtì kankan nínú. Mo rò pé ìpolówó ni."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ọgọ́rùn-ún náírà ló gbà lórí iṣẹ́ náà. Òun náà kò rí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Òdo ló rí níwájú tókìn méjì, ó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ túmọ̀ òdo. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì ni ì bá ti rí i nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé mítà yìí kò tíì gba kọ́kọ́rọ́ tuntun. Bóyá ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò fi hàn án, bóyá ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun náà ní ibi tí yóò wò.

A padà sílé Bàbá. Òkè òpó lójúde ni mítà fúnra rẹ̀ wà, ẹ̀rọ kékeré alábọ́tìnnì nìkan ló wà lára ògiri pálọ̀. Ẹni tó bá ń lo irú rẹ̀ mọ ìyọnu tó wà níbẹ̀: bí wọ́n bá mú iná àdúgbò lọ, mítà orí òpó ti kú nìyẹn, ẹ kò lè tẹ ohunkóhun sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ ní iná kí ẹ tó lè gba iná tí ẹ ti sanwó rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń pe nọ́ńbà láti inú fóònù mi tí mo fẹ̀ lójú fún un, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Ìkíní wọlé. A ti tẹ ìkejì dé nọ́ńbà méjìlá nígbà tí àdúgbò pariwo "Ṣíọ̀!" lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti mú iná.

A jókòó síbẹ̀. Kò sí ohun tí a lè ṣe. Bàbá ń sọ ìtàn fáìlì kan tó sọnù ní Alágbàkà nígbà ayé àwọn ológun, tí wọ́n wá a kiri títí wọ́n fi bá a nínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan. "Fáìlì ò lẹ́sẹ̀," ló ní. "Bó bá kúrò níbì kan, ẹnì kan ló gbé e." Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aago mẹ́wàá kí iná tó dé. Ìkejì wọlé, ẹ̀kẹta wọlé, yúnìtì jáde, Bàbá sì lọ pa àtùpà.

Ìyá alákàrà

Ẹ má jẹ́ kí a fi ẹnu dídùn rántí NEPA. Ìwà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Wọ́n á gbé àkàbà dé ní ọjọ́ Ẹtì láti gé iná yín, kí ilé ìfowópamọ́ tó tún ṣí ní ọjọ́ Ajé, kí ẹ lè fún wọn ní nǹkan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2013 tí wọ́n ti ta pínpín iná fún àwọn aládàáni, "NEPA" náà la ṣì ń pariwo, bóyá nítorí pé a mọ NEPA lójú. Ẹni tó gun òpó ní orúkọ. Ẹ lè bá a jà, ẹ lè bẹ̀ ẹ́, ẹ lè lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ọ̀gá rẹ̀, ẹ sì lè mọ ilé ìyá rẹ̀ ní Òkè-Àrò.

Wò ó báyìí. Ẹni tó ń ka mítà ti lọ, a ń kà á fúnra wa. Akáwó ti lọ, ọmọ POS ló dípò rẹ̀, àwa la sì ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Òpó tó jẹrà, ẹgbẹ́ onílé ló dá owó òmíràn ní àdúgbò wa. Tiransifọ́mà tó jóná, ẹ lọ bi àwọn àdúgbò kárí Àkúrẹ́ léèrè ohun tí ojú wọn rí, ìgbà tí kì í bá sì í ṣe àwọn ló rà á, olóṣèlú ni, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lára rẹ̀. NERC sì ti sọ ọ́ lásọtúnsọ pé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná ni láti ra òpó, wáyà àti tiransifọ́mà, pé bí aráàlú bá máa rà á, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n sì dá owó wọn padà. Mítà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti fi owó ara wọn rà á lábẹ́ ètò tó ní wọn yóò máa dá a padà fún wọn díẹ̀díẹ̀ nínú iná. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí wọ́n pè ní Band A sí ₦225 fún yúnìtì kan, lórí àdéhùn pé wọn yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́. Owó orí ọjà, ìdá méje àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, wà nínú gbogbo tókìn tí a bá rà. Owó orí ọjà. Ọjà tí àwa náà ń bá wọn gbé kiri.

Bí mo bá lọ ra àkàrà, tí ìyá alákàrà ní kí n lọ ẹ̀wà, kí n dín in, kí n sì san owó àkàrà pé, tó wá tún ń bú mi pé iyọ̀ pọ̀ jù, gbogbo Ọjà Ọba ni yóò bá mi dá sí i. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ ńlá bá ṣe é, tí ó fi ẹ̀rọ sí i, a ń pè é ní ìlọsíwájú.

Ohun tí Bàbá rí tí èmi kò rí nìyẹn. Èmi rò pé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n tì sí wa lọ́rùn, mo sì ti gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ kì í pa ni. Bàbá rí i pé ẹ̀bi ni wọ́n tì mọ́ ọn. Kí ẹ̀rọ tó dé, bí iná kò bá tàn, ilé iṣẹ́ ló ní àléébù. Báyìí, bí iná kò bá tàn, ẹ̀yin lẹ tẹ nọ́ńbà sódì, ẹ̀yin lẹ kò ka àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ̀yin lẹ wà ní Àbújá nígbà tí gbèdéke kọjá.

Gbèdéke yẹn pàápàá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gé. Ní oṣù Kejìlá 2020, wọ́n fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọ̀sẹ̀ méjì láti so nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́ síìmù. Kò ṣeé ṣe, wọ́n sún un, wọ́n tún sún un, títí ó fi wọ 2024, àwa la sì ń tò lóòrùn ní gbogbo ìgbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n ní owó àtijọ́ kò ní jẹ́ owó mọ́ láìpẹ́, tuntun kò sì sí ní báńkì. Owó ara wa la ń fi owó rà lọ́wọ́ àwọn oní-POS kí ilé ẹjọ́ tó ga jù tó dá wọn lẹ́kun ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta. N kò rántí ọjọ́ kan tí báńkì tàbí ilé iṣẹ́ fóònù pẹ́, tí wọ́n sì ti ọ̀gá wọn mọ́ta.

Ẹ̀rọ ọjọ́ kan

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2024 ni a dìbò yan gómìnà ní ìpínlẹ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ ni ìṣẹ́jú inú mítà kún. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni ẹ̀rọ méjì kanlẹ̀kùn wa.

Ibùdó ìdìbò 3,933 ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, ní káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 18 ìpínlẹ̀ yìí. Wọ́n kó BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, lọ, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé àwọn ìlú orí omi ní Ìlàjẹ. Olùdìbò kò tẹ nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ ló di ẹ̀rọ mú, ẹ kàn na ìka. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ ìka yín, wọ́n á gbé e sójú yín. Bí kò bá mọ ojú náà, wọ́n á pe onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi sí ìtòsí nítorí rẹ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ìyá arúgbó kan lọ́jọ́ yẹn pé, "Màmá, ẹ ò na ìka yín bó ṣe yẹ, ẹ lọ kọ̀wé sí WhatsApp."

BVAS kò pé, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀, ìṣòro INEC ni, gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn: ìbò wa ni wọ́n nílò ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tọ̀ wá wá. Àwọn tó ń polongo dé ojúlé mi, wọ́n mọ orúkọ ìyàwó mi. N kò gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn bi mí pé mítà ńkọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mélòó kan péré ló kù.

Orí tábìlì ta ni?

Ní ayé àtijọ́, gómìnà lè dáhùn pé Àbújá ló ni ọ̀rọ̀ iná. Ìdáhùn yẹn ti kú. Wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe ní oṣù Kẹta 2023, òfin iná tuntun tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìpínlẹ̀ sì lè máa bójú tó ọjà iná tirẹ̀. Oǹdó wà lára àwọn tó tètè nawọ́ gbà á, NERC sì ti fi àbójútó náà lé e lọ́wọ́. OSERB ni orúkọ àjọ tó ń ṣe é fún ìpínlẹ̀ yìí. Fáìlì ti kúrò ní Àbújá, a sì mọ ẹni tó gbé e.

Ìdí wà tí n kò fi yára pàtẹ́wọ́. Ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná wà níbẹ̀, ọ̀kan lára wọn nìkan lágbára ju 300 mẹ́gáwáàtì lọ. Ẹkùn kan náà ni Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò wà, níbi tí ọ̀pọ̀ ìlú ti lo ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ láìfojú kan iná ìjọba. Wáyà ńlá ń gba orí ilé wọn kọjá. Bí àṣẹ tuntun tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kò bá bẹ̀rẹ̀ láti irú ibẹ̀, kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Bàbá kò ní sùúrù fún irú àròyé mi yìí. Ọ̀sẹ̀ tí mítà rẹ̀ ṣiṣẹ́ ló kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ọwọ́. Ó gbé ẹ̀dà méjì lọ, ó ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan fún òun. Wọ́n ní àwọn kì í lu òǹtẹ̀ mọ́, pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀sùn ń gbà. Ó jókòó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkókò, ẹnì kan rántí pé òǹtẹ̀ kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Èsì dé sórí fóònù rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀: a ti gba ẹ̀sùn yín, a ti yanjú rẹ̀, ẹ má fèsì sí nọ́ńbà yìí. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀.

OSERB ló ń kọ lẹ́tà kejì sí. Èmi ni yóò bá a tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ó sì ti sọ fún mi pé òun máa san owó ìwé, kí n má dá owó òun padà. Ẹ̀dà kan yóò lọ sí ọ̀dọ̀ aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kò béèrè owó, kò sì ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ ni pé, bí mítà bá kọ tókìn, kí wọ́n sọ orúkọ ipò ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá wò ó nílé oníbàárà, iye ọjọ́ tí ẹni náà ní láti fi dé, àti iye tí ilé iṣẹ́ yóò san fún oníbàárà lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi pẹ́.